Mo fẹ́ máa sè fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mi ní Ifẹ̀: oúnjẹ wo ni kí n sè, báwo ni kí n ṣe gba owó rẹ̀?

MàmáJẹ́lé | Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ilé ìtọ́jú ọmọ kékeré kan ní agbègbè Modómọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọmọ méjìlélógún ló wà lọ́wọ́ mi. Mẹ́fà ò tíì pé ọdún kan, àwọn tó kù ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Láti ìgbà tí mo ti ṣí i, ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń di oúnjẹ ọmọ tirẹ̀ wá. Mo fẹ́ kí ìyẹn dópin ní sáà tó ń bọ̀, kí n máa sè fún gbogbo wọn.

Ohun tí mò ń rí ló fà á. Bí mo bá ṣí kúlà wọn láago mẹ́wàá, índómì ló pọ̀ jù níbẹ̀, yóò ti wú, yóò ti mu gbogbo omi rẹ̀ tán. Èyí tí kì í bá ṣe índómì á jẹ́ ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ ata lásán. Bísíkí àti jùsì inú ọ̀rá kún inú báàgì. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan wà tó jẹ́ pé ògì ló ń mu láàárọ̀, ògì náà ni lọ́sàn-án, ó sì ṣàn débi pé mò ń rí òdòdó tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ abọ́ rẹ̀.

Mi ò fẹ́ máa ra oúnjẹ ọmọ inú agolo. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mo fẹ́ máa sè, èyí tí mo lè rà ní Odò-Ògbè tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù oko wá láti Ìpetumodù àti Ifẹ̀tẹ̀dó. Àwọn òbí wọn kì í ṣe olówó: àwọn kan jẹ́ olùkọ́, àwọn kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì, àwọn yòókù ń tajà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa sè? Báwo ni kí n sì ṣe bá àwọn òbí sọ ọ́?

---

ÌyáÌbejì_Lágéré | Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́. Èmi wà lára àwọn tó ń di índómì wá o 😂. Ìbejì ni, ìdájí ni mo ti ń jí, kí n tó wẹ̀ wọ́n tán ọkọ̀ ti ń fọn fèrè níta. Índómì ò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá lè bá wa sè é, èmi á sanwó, kódà mo lè san án ṣáájú.

Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Táyé ń jẹ gbogbo nǹkan. Kẹ́hìndé ò fẹ́ rí ẹ̀fọ́ sójú. Á yọ ọ́ lẹ́nu ní ewé kọ̀ọ̀kan, á tò ó sí etí tábìlì bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

---

Nọ́ọ̀sìIléṣà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.

Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká ti ibi àwọn mẹ́fà kéékèèké yẹn bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí ìyá fún sínú ife kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì. Ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́fà ni oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀, ọmú á sì máa bá a lọ títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó jẹun ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n pín oúnjẹ àwọn tí ò tíì pé ọdún méjì sí: ọmú ìyá, ọkà pẹ̀lú iṣu àti àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀pà, wàrà, ẹran àti ẹja, ẹyin, èso àti ẹ̀fọ́ tó ní fítámì A, èso àti ẹ̀fọ́ yòókù. Ó kéré tán, márùn-ún gbọ́dọ̀ wọ ikùn ọmọ lójúmọ́. Ọmọ ológì yẹn, bó bá ṣì ń mu ọmú, méjì péré ló ń rí.

Ògì ò burú o, ẹ má gbọ́ mi lódì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà ló bá èèrí lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Bí a bá tún wá fi omi là á tó fi ṣàn, omi lásán ló kún ikùn ọmọ. Ẹ jẹ́ kó ki, kí ó máa fi ṣíbí jẹ ẹ́. Kí ẹ sì ro nǹkan mọ́ ọn: sóyà, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, edé lílọ̀, wàrà, tàbí ẹyin tí a pò mọ́ ọn lórí iná tó fi jinná dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ lo sóyà, ẹ kọ́kọ́ sè é, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ tó kó o lọ sẹ́rọ. Sóyà tí a ò sè ń da ikùn ọmọ rú. Kóńgò àgbàdo mẹ́ta sí kóńgò sóyà kan ni èmi ń sọ fún àwọn ìyá ní kíníìkì.

Ẹ ó sì gbọ́ ti ẹyin. Àwọn ìyá àgbà kan á ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Ọmọ tí ò jẹ ẹyin náà ń jalè, ẹ lọ bi àwọn ọlọ́pàá.

Mo fẹ́ kí ẹ ra òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ wíwọn ọmọ lóṣooṣù ti gbilẹ̀. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní àwọn ọdún 1950, ló ṣí kíníìkì fún àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmèsí-Ilé. Ibẹ̀ ló ti gbé káàdì tí wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí jáde, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ayé gba káàdì yẹn lọ́wọ́ wa. Bí òṣùwọ̀n bá wọ́n, ẹ béèrè téèpù apá ní kíníìkì ìjọba. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò ó fún. Bí ẹ bá fi yí òkè apá ọmọ ká, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àwọ̀ pupa nìyẹn lára téèpù, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ìkòkò yín. 11.5 sí 12.5 ni yẹ́lò: ẹ bu kún oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì rán ìyá rẹ̀ lọ sí kíníìkì.

---

DádìMẹ́ta | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:32 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sanwó.

Ilé-ìwé kan tí ọmọ mi àgbà lọ rí, mi ò ní dárúkọ wọn, gba owó oúnjẹ odindi sáà lọ́wọ́ wa. Ẹran tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ò ju èékánná mi lọ. Ọmọ á délé, á ti ṣí ìkòkò wò kó tó bọ́ bàtà. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní ọjà ti wọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ "owó oúnjẹ", àpò mi á dì.

Mọ̀mí, ẹ má gba owó sáà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa gbà á, lọ́jọ́ Ajé, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn mọ̀ pé owó òun ò gbé. Ẹ kọ iye tí ẹ ra ọjà sí ara bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹyin bá gbówó lórí, ẹ sọ fún wa pé ó gbówó lórí. Kí ẹ sì máa ya fọ́tò abọ́ ọmọ sí WhatsApp. Mo ní abọ́ o. Ìkòkò ńlá tó ń hó máa ń dùn wò ní fọ́tò, ohun tó dé inú abọ́ ni kí ẹ fi hàn wá.

---

AlásèOdòÒgbè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀

Dádì, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ojú yín rí. Èmi náà jẹ́rìí sí i.

Mo sè fún ọmọ ilé-ìwé ìjọba nígbà O-Meals, ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Gbogbo Ọ̀ṣun ni, ọmọ tó lé ní 200,000. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé tiwọn dé ní 2016, tí wọ́n fi náírà 70 lé orí ọmọ kan lójúmọ́. Ẹ wo ohun tí náírà 70 lè rà lónìí, kí ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ mi rèé. Ẹja tí ẹ bá gé sọ́nà méjìlélógún, ìjà lẹ dá sílẹ̀. Ọmọ kan á gba ìrù, ọmọ kan á gba àárín, àǹtí tó ń pín in á sì ti tọ́ méjì wò. Ẹ sè é, ẹ yọ egungun rẹ̀ pátá, ẹ fọwọ́ rún un, kí ẹ wá rò ó mọ́ inú ẹ̀bẹ tàbí ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lè ṣà á jáde mọ́, àtọmọ àtàgbà. Bí ẹ ṣe máa ṣe ẹyin náà nìyẹn. Ẹ má sè é kí ẹ máa wá gé e sí ìdajì ìdajì. Ẹ fọ́ ọ sínú ẹ̀wà lílọ̀, ẹ pò ó, kí ẹ fi ṣe mó-ín-mó-ín. Ẹyin mọ́kànlá fún ọmọ méjìlélógún, ìdajì ẹyin ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹn, kíréètì kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ewé ni kí ẹ fi pọ́n ọn. Ẹ má da oúnjẹ ọmọ gbígbóná sínú ọ̀rá.

Ẹ tètè máa lọ sọ́dọ̀ alẹ́rọ. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn tó ti lọ ata rodo fún oníbùkà, ẹ̀wà yín á pupa, á sì ta ọmọ lẹ́nu. Ẹ ní kó fi omi ṣan ẹ̀rọ, ẹ wá bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan sí i kó fi ti ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ da ìyẹn nù. Wọ́n á kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

---

ỌmọỌ̀wáObòkun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Mo ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ iyán. Ṣé a wà láyé ni àbí a ti kú? Ìjẹ̀ṣà ni mí o. Láti ọmọ ọdún kan ni bàbá mi ti ń gé òkèlè sí mi lẹ́nu.

---

AlásèOdòÒgbè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:11 ọ̀sán

Ọmọ Ọ̀wá, iyán ọmọ méjìlélógún. Ta ni yóò gún un? Ẹ gbé ọmọ odó yín láti Iléṣà, ẹ máa bọ̀ láago mẹ́wàá.

---

Nọ́ọ̀sìIléṣà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:40 ọ̀sán

😂😂 Ẹ fi ará ilé mi sílẹ̀. Iyán dára, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ló ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí tí ẹja wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún méjì á jẹ ẹ́ ní òkèlè kéékèèké, á sì dára fún un. Bó bá jẹ́ iyán ńlá pẹ̀lú omi ọbẹ̀, ó ti yó láìjẹ nǹkan. Ní ti krẹ́ṣì, ẹ̀bẹ ló rọrùn jù. Iṣu kan náà ni, kò ní odó nínú, a sì lè da ẹ̀fọ́, epo àti ẹja mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ yìí náà ni mo fi dá Ìyá Ìbejì lóhùn. Ẹ gé tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre wẹ́wẹ́, kí ẹ dà á sí i nígbà tí iṣu bá ti rọ̀ tán. Kẹ́hìndé ò ní rí ewé tó máa tò sí tábìlì. Ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já náà ń wọlé fún wọn láìsí ariwo. Bí ọmọ bá sì jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tí gbogbo wọn ń jẹ, nǹkan tí kì í jẹ nílé á dédé dùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tó ní ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà, ẹ fún wọn ní ọsàn díẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ. Ó ń jẹ́ kí ara rí èròjà irin tó wà nínú oúnjẹ náà gbà, ẹ̀jẹ̀ wọn á sì pọ̀ sí i. Tíì kì í ṣe ohun mímu ọmọdé, ńṣe ló ń dí irin yẹn lọ́wọ́.

---

Àgbẹ̀Ìpetumodù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:17 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Oko ni mo wà látàárọ̀.

Gbogbo yín ń sọ pé ẹ̀wà, ẹ̀wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wà tí ẹ ń rà ní Ṣábó, Òkè Ọya ló ti ń bọ̀, àti àlùbọ́sà, àti ọ̀pọ̀ nínú tòmátì. Bí dísẹ́lì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń lò bá gbówó lórí, ẹ̀wà náà á gbówó lórí. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ̀wà, ṣùgbọ́n bí Mọ̀mí bá gbé gbogbo ọ̀sẹ̀ lé ẹ̀wà lórí, owó tó gbà lọ́jọ́ Ajé ò ní tó o dé Ẹtì.

Ilẹ̀ tiwa níbí, kòkó ló gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ kòkó náà ni kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń hù, ìwọ̀nyí sì ni wọn kì í kà sí oúnjẹ ìlú ńlá. Ẹ̀bẹ kókò tí a fi epo pupa àti ẹja gbígbẹ sè, ọmọ wo ni kò ní lá ọwọ́? Epo pupa náà tó ní fítámì A, ẹ má jẹ́ kó jó títí yóò fi funfun kí ẹ tó sè é, fítámì náà á bá èéfín lọ.

Ẹ ra nǹkan nígbà rẹ̀. Àgbàdo tútù, láti oṣù kẹfà. Iṣu tuntun, láti oṣù kẹjọ. Mọ́ńgòrò, láti oṣù kẹta. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ̀fọ́ ni yóò wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àfi ti àkùrọ̀. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kan báyìí, ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n náà wà, èyí tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní fítámì A. Ẹ béèrè wọn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, àwa náà ò ní gbìn ín.

Mọ̀mí, ẹ wá àgbẹ̀ kan, kí ẹ bá a ṣe àdéhùn: iṣu mélòó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó, lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń sanwó lásìkò, iye oko ló máa tà á fún yín. Ìyá alájàpá tó ń gbé e wọ Odò-Ògbè, òun náà gbọ́dọ̀ jèrè, owó ọkọ̀ sì wà lórí ẹ̀.

---

Abiyamọ_Kámpọ́ọ̀sì | Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń sọ ohun tí ọmọ máa jẹ, ẹ sọ bí wọ́n ṣe máa fún un pẹ̀lú. Mo gbé ọmọ mi kúrò ní krẹ́ṣì kan nítorí ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo tètè dé lọ́jọ́ kan. Àǹtí na ọmọ mi gbalaja sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, ó di imú rẹ̀, ó ń da ògì sí i. Ọmọ ń ké, ògì ń wọlé. Ó rí mi, kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní "ẹ má dààmú, ó ti fẹ́ẹ̀ tán."

Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe rọ àwa náà nìyẹn.

---

Nọ́ọ̀sìIléṣà | Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Kò dára rárá. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, a máa ń rí irú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Kí ọmọ jókòó, kí àǹtí jókòó níwájú rẹ̀, ṣíbí kékeré, ife. Bó bá yí ojú kúrò, ẹ dúró, ẹ tún gbìyànjú. Bí kò bá jẹ ẹ́ lónìí, á jẹ ẹ́ lọ́la. Ọmọ tó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ibà ni.

Abiyamọ, ṣé ẹ ń fún ọmú sílẹ̀ fún un?

---

Abiyamọ_Kámpọ́ọ̀sì | Ọjọ́rú, 6:41 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Nínú ife onídèérí ni. Iná kì í dúró níbí, fíríìjì ò sì ní ìtumọ̀.

---

Nọ́ọ̀sìIléṣà | Ọjọ́rú, 6:49 àárọ̀

Níbi tó tutù nínú ilé, wákàtí mẹ́rin ni ẹ lè fi í sílẹ̀ mọ. Nínú ooru oṣù kejì sí ìkẹta, ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ẹ dà á nù, ẹ má gbé e pamọ́. Kí orúkọ ọmọ wà lára ife o, Mọ̀mí! Ọmú ìyá kan kì í ṣe ti ọmọ ẹlòmíràn.

---

MàmáJẹ́lé | Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Èkíní, ẹ̀pà: ṣé gbogbo ọmọ ló lè jẹ ẹ́? Èkejì, ẹ̀wà olóògùn tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ìjọba lè fi tiwa kún ètò oúnjẹ ilé-ìwé wọn?

Dádì, mo fara mọ́ ti owó ọ̀sẹ̀ àti bọ́ọ̀dù. Ti fọ́tò náà, mo gbà, ṣùgbọ́n abọ́ nìkan ni màá yà. Mi ò ní ya ojú ọmọ ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp.

---

DádìMẹ́ta | Ọjọ́rú, 9:22 alẹ́

Abọ́ tó. Òótọ́ lẹ sọ nípa ojú ọmọ.

---

Nọ́ọ̀sìIléṣà | Ọjọ́rú, 10:03 alẹ́

Ẹ̀pà odindi, rárá, kò sí fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó lè há a lọ́fun. Gúgúrú, súwíìtì líle, kóró àgbálùmọ̀, egungun ẹja, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀pà tí a lọ̀ mọ́ ògì ò léwu fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ara àwọn kan kọ ẹ̀pà tàbí ẹyin. Ẹ ní kí ìyá kọ́kọ́ fún un díẹ̀ nílé, kí ó wo ara rẹ̀, kó tó di pé ẹ̀yin fún un. Oyin, ẹ má fi sí ẹnu ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan. Ẹ má fi ṣúgà sí ògì náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, adùn rẹ̀ á tó o. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ má ní ẹ máa ṣà á, ẹ kó o dànù. Ohun tó ń bu yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè ò sì pa á.

Nínú fọ́ọ̀mù tí òbí ń kọ, ẹ fi àyè kan sí i fún ohun tí ara ọmọ kọ̀ àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ilé wọn. Ifẹ̀ la wà. Ilé kan ò jẹ ìgbín, òmíràn ò jẹ òkété, Mùsùlùmí á sì fẹ́ mọ ẹni tó dú ẹran.

---

AlásèOdòÒgbè | Ọjọ́bọ̀, 7:08 àárọ̀

Ti ẹ̀wà: ẹ ki ọwọ́ sínú àpò, ẹ bu ú, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí oògùn apakòkòrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún onítọ̀hún. NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi oògùn yẹn tọ́jú ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí kòkòrò méjì mẹ́ta ń rìn nínú rẹ̀ lọ́kàn mi balẹ̀ sí jù. Bí kòkòrò bá lè gbé ibẹ̀, èèyàn náà lè jẹ ẹ́. Kí ẹ sì rẹ ẹ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta.

Ti ìjọba, kíláàsì kìíní dé ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni wọ́n dá ètò yẹn sílẹ̀ fún. Jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni ò sí níbẹ̀. Ẹ má dúró dè wọ́n.

Ẹ má sè títí di ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan o. Oúnjẹ tó bá ti jókòó ju wákàtí méjì lọ lórí tábìlì, nínú ooru yìí, kì í ṣe oúnjẹ ọmọ mọ́.

---

MàmáJẹ́lé | Ẹtì, 8:30 alẹ́

Ohun tí mo tò rèé, ẹ bá mi wò ó. Láàárọ̀, ògì àgbàdo àti sóyà tó ki, fún gbogbo àwọn tó ti pé oṣù mẹ́fà. Mó-ín-mó-ín ẹlẹ́yin á tẹ̀ lé e ní Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní àwọn ọjọ́ yòókù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ẹ̀bẹ iṣu, tẹ̀tẹ̀ àti ẹja rírún. Ìṣẹ́gun, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, ọbẹ̀ ẹja tí ata rẹ̀ ò ta. Ọjọ́rú, ẹ̀bẹ kókò àti ẹja gbígbẹ, Àgbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀, àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ẹtì, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí. Ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lójoojúmọ́. Kò sí bísíkí, kò sí jùsì. Ẹni tó bá di í wá, màá dá a padà sínú báàgì.

Mo ti bá àwọn ìyá mẹ́rin sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ní òun á ṣì máa di tòun wá. Mi ò bá a jà.

---

Nọ́ọ̀sìIléṣà | Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ó dára. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì nìkan ni mi ò rí ẹja tàbí ẹran lọ́sàn-án. Ẹ lọ edé sínú gbẹ̀gìrì, kí ẹ rún ẹja sínú ẹ̀fọ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ lọ oúnjẹ àwọn kéékèèké tó ti pé oṣù mẹ́fà kúnná, kí ẹ sì bu tiwọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Ìyá tó ń di tirẹ̀ wá yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló máa bá yín bá a sọ ọ́.

---

ÌyáÌbejì_Lágéré | Ẹtì, 9:20 alẹ́

Ẹ kọ tèmi sílẹ̀, ọmọ méjì. Ṣé ẹ ó fún mi ní ẹ̀dínwó ìbejì? 🙏🏾

---

MàmáJẹ́lé | Ẹtì, 9:26 alẹ́

Ikùn méjì ni wọ́n gbé wá, Ìyá Ìbejì. Ẹ ó san owó ikùn méjì 😂. Alásè, ibo ni mo ti lè rí ìkòkò tó tó ọmọ méjìlélógún láìjẹ gbèsè?

---

AlásèOdòÒgbè | Ẹtì, 9:41 alẹ́

Mo ní ọ̀kan láti ayé O-Meals tí mi ò lò mọ́. Ẹ wá wò ó lọ́la lẹ́yìn aago mẹ́rin, a ó jọ sọ iye rẹ̀. Ẹ wá ọmọrí dání o, tirẹ̀ ti sọnù.